Ìrètí àti Àánú Nígbà Ogun Ìjàyè

Orí ọ̀rọ̀ tí a fi lé wa lọ́wọ́ fún àsọyé ti ìrọ̀lẹ́ yìí tóbi ju agbára wa lọ. Wọ́n ní kí a wí bí onígbàgbọ́ ti lè di ìrètí mú, kí ó má sì sé ojú àánú rẹ̀, ní ìgbà tí wàhálà ayé bá pọ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó lè kà á tán. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé a di ìdáhùn rẹ̀ sínú àpò wá síhìn-ín, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó mú kí a gbà láti sọ̀rọ̀ ni pé arábìnrin àgbàlagbà kan nínú ìjọ tí a ń ṣe olùtọ́jú rẹ̀ tọ̀ wá wá lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó sì wí fún wa pé òun ti pa rédíò òun tì. Ó ní láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 2020 ni òun ti ń gbàdúrà fún ayé ní alaalẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ogun Ukraine dé ní ọdún 2022, ti Sudan àti ti Gásà sì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2023, kí a má tilẹ̀ sọ ti àwọn ajínigbé ní ilẹ̀ tiwa. Orúkọ àwọn ìlú tí òun ní í dá nínú àdúrà ti pọ̀ ju èyí tí òun lè rántí lọ, ọkàn òun sì ti yigbì. Bí wọ́n bá wí pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn kú, kò tún ṣe òun ní nǹkan kan mọ́. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?" Bẹ́ẹ̀ ni ó bi wá.

A kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí a kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìtùnú tí ó rọrùn lé e lọ sí ilé. A padà sí yàrá wa, a sì mú ìwé méjì sílẹ̀: èkíní ni èyí tí a fi lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ Ìyáàfin Anna Hinderer ṣe, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1872, èkejì ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ìtàn ogun Ìjàyè wà nínú àwọn méjèèjì. Ogun náà kì í ṣe ohun tí ó jìnnà sí wa, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn kan wà nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó níwájú wa yìí tí ogun náà fọ́n àwọn baba ńlá wọn ká. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ, kí a lè wo bí àwọn tí ayé tiwọn dojú rú ti ṣe lo ọjọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti fọ́, Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọjà, ìlú ńlá méjì sì di odi ààbò fún ilẹ̀ náà, èyíinì ni Ìbàdàn àti Ìjàyè. Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ni a fi jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Àtìbà wàjà ní ọdún 1859. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà, Àrẹ̀mọ a máa bá baba rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n Àtìbà ti fẹ́ kí Adélù ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́ lẹ́yìn òun. Ìbàdàn gbà fún un. Kúrunmí kọ̀, ó ní òun kò ní tẹríba fún ẹni tí òfin àwọn baba ní kí ó ti kú. Aáwọ̀ lórí ogún obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ó kú láìní àrólé sì tún da epo sí iná náà. Ní ọdún 1860, Ìbàdàn gbé ogun jáde sí Ìjàyè, Balógun Ibíkúnlé ni ó ṣíwájú, Ọ̀tún Ògúnmọ́lá sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gbá dìde láti Abẹ́òkúta láti gbèjà Ìjàyè, Ìjẹ̀bú pẹ̀lú sì dí ọ̀nà etí òkun mọ́ Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà àwọn ọmọ ìyá ṣe di ogun tí ó gba ilẹ̀ káàkiri. Àwọn olùkọ́ ìtàn a máa fẹ́ràn láti jiyàn lórí ẹni tí ó jàre nínú Kúrunmí àti Ìbàdàn. Àwa kò ní wọ inú iyàn náà, nítorí kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí ebi pa kú ní Ìjàyè tí wọ́n pè sí ìgbìmọ̀ nígbà tí wọ́n ń pinnu ogun.

Ìlú olódi ni Ìjàyè, ìlú tí a ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n láti ìhà Òkè Ògùn ni oúnjẹ ti ń wọlé fún un, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sì ti gba ọ̀nà náà, ìyàn mú. Ẹni tí ó bá ka ìròyìn ọjọ́ wọnnì kò ní lè kà á láìdúró díẹ̀ kí ó nu ojú rẹ̀. Àwọn òbí ń fi ọmọ wọn sọfà nítorí oúnjẹ díẹ̀; àwọn mìíràn ń fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè bọ́ ọ. Kúrunmí pàdánù àwọn ọmọ rẹ̀ lójú ogun, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní ọdún 1861. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1862 ni ìlú náà ṣubú. Àwọn tí ó yè nínú wọn sá lọ sí Abẹ́òkúta, ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí níbẹ̀ ni a sì ń pè ní Àgọ́ Ìjàyè títí di òní yìí.

Àwọn oníwàásù kan wà nínú ìlú náà nígbà tí ilẹ̀kùn sé mọ́ ọn: Àlùfáà Adolphus Mann ti C.M.S., ẹni tí í ṣe ará Jámánì, àti aya rẹ̀. Àti àwọn ará Amẹ́ríkà méjì ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, Stone àti Phillips. Ìwàásù ni wọ́n bá wá. Kì í ṣe oníṣègùn ni wọ́n, síbẹ̀ nígbà tí ìbọn bá dún títí tí ilẹ̀ fi ṣú, ilé wọn ni wọ́n ń gbé àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ lọ, wọn a sì fọ ọgbẹ́, wọn a sì dì í. Bí ìyàn sì ti ń le sí i, àwọn Onítẹ̀bọmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ tí kò ní alábòójútó jọ, wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n sì kó wọn jáde lọ sí Abẹ́òkúta kí ìlú tó fọ́. Ó yẹ kí àwa ti ìjọ Áńgílíkà máa sọ èyí láìrọra sọ ọ́, nítorí pé nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti míṣọ́n, ìtàn àwọn tiwa nìkan ni wọ́n kọ́ wa, a sì ti dàgbà púpọ̀ kí a tó mọ̀ pé àwọn ará wa wọ̀nyí ti ṣe ju èyí tí a gbọ́ lọ.

Mélòó ni àwọn ọmọ tí a kó jáde náà lára gbogbo àwọn tí ó wà nínú ìlú? Díẹ̀ ni. Stone àti Phillips mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ojú wọn ni wọ́n fi ń rí àwọn tí ó kù. Èyí ni ó dà bí ẹni pé ó ń pa arábìnrin wa lára: ó ń fi àdúrà rẹ̀ wé gbogbo ìpọ́njú ayé, àdúrà náà sì kéré. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jẹ èkọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà nínú àgbàlá míṣọ́n ní Ìjàyè kò mọ̀ pé òun jẹ́ díẹ̀ lára púpọ̀. Ebi òun nìkan ni ó mọ̀, ebi náà sì ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ré odi kọjá nísinsìnyí, kí a dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó gbé ogun wá. Àlùfáà David Hinderer, ará Jámánì pẹ̀lú, àti Anna aya rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń gbé Ìbàdàn láti ọdún 1853. Ní Kúdẹtì ni wọ́n kọ́ ilé àti ilé ìsìn sí. Anna kò bí ọmọ, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kún fún ọmọ. Ìjòyè Olúnlóyọ̀ fi ọmọ tirẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́ láti kọ́ ìwé. Àwọn ọmọ mìíràn sì wà tí ogun Ìbàdàn kó ní ẹrú láti ilẹ̀ òkèèrè tí míṣọ́n rà padà. Ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ni Ọgúnyọmí, ọmọdébìnrin kékeré tí ogun yà nípá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ṣe ní ọjọ́ kan kí ogun Ìjàyè tó dé, ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà àgbàlá, obìnrin ẹrú kan tí ó ń kọjá lọ sì gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì dúró gbọingbọin. Ìyá rẹ̀ ni. Ìlú tí ó tó Ìbàdàn ní títóbi, tí ó kún fún ẹrú láti ibi gbogbo, inú rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń gbé láìmọ̀. Hinderer ra ìyá náà padà lẹ́yìn náà.

A kò gbọdọ̀ fi ìtàn dídùn yìí bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Fún ọmọ kan tí ó rí ìyá rẹ̀, àwọn tí kò rí ìyá wọn mọ́ títí ayé pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ìlú tí àwọn Hinderer sì ń gbé, tí wọ́n fẹ́ràn, ni ó kó wọn ní ẹrú. Wọ́n mọ èyí. Wọ́n ń jẹun pẹ̀lú àwọn ìjòyè, wọ́n ń bá wọn wí, wọn kò sì kúrò.

Nígbà tí ogun dé, ebi kò pa Ìbàdàn bí ó ti pa Ìjàyè, nítorí oko wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé míṣọ́n ni ebi pa. Ẹ kíyè sí bí èyí ti rí: láti Èkó ni owó oṣù àti ẹrù wọn ti ń wá, ọ̀nà Èkó sì gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ti Ìjẹ̀bú kọjá, àwọn méjèèjì sì ti dí i. Oúnjẹ wà ní ọjà, ṣùgbọ́n kò sí owó ẹyọ tí wọn yóò fi rà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tí ó wà nínú ilé: aṣọ, agolo, ìdérí àpótí tí a fi páànù ṣe, ohunkóhun tí obìnrin ọlọ́jà lè fi owó ẹyọ díẹ̀ rà. Ẹ̀wà pẹ̀lú epo àti ata ni ó wá di oúnjẹ wọn, kì í sì í tó. Hinderer fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó láti wá ìrànlọ́wọ́, ó sì tún padà wá. Àwọn aládùúgbò tí kì í ṣe onígbàgbọ́, tí àwọn tìkára wọn ní ọmọ lójú ogun, a máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní gbogbo ìgbà yìí, a ń lu agogo ilé ìsìn, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà, Anna sì ń kọ́ wọn ní abẹ́rẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ apá yìí nínú ìtàn náà: òyìnbó tí ebi ń pa nítorí Kristi. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn wà nínú àgbàlá Kúdẹtì tí a fẹ́ kí ẹ wò dáradára, òun ni Daniel Olúbí. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Inú ìdílé abọ̀rìṣà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó gba ìgbàgbọ́ nígbà èwe rẹ̀, ó sì bá àwọn Hinderer wá sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ ilé. Ó di olùkọ́, ó di oníwàásù, ó gbé ìyàwó, ó sì bímọ sí Ìbàdàn. Nígbà náà ni Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn dojú ìjà kọ ara wọn. Ẹ ro ìdúró ọkùnrin yìí wò. Bí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn bá padà pẹ̀lú orin àti ìlù pé àwọn ti pa Ẹ̀gbá, àwọn ará ilé rẹ̀ ni wọ́n pa. Bí ìròyìn bá dé pé Ẹ̀gbá ti borí, àwọn ọmọ ìjọ tí ó ń kọ́ ni yóò di opó àti aláìníbaba. Kò sí ìròyìn rere kankan tí ó lè dé bá a láti ojú ogun. A rò pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ nìkan ni ó lè gbàdúrà tọkàntọkàn pé kí ogun dópin, nítorí àwa yòókù, bí a bá wí pé kí ogun dópin, ohun tí ó sábà máa ń wà nínú ọkàn wa ni pé kí ẹni tiwa borí kíákíá.

Èyí mú wa dé ibi tí ó ṣòro fún wa láti sọ gẹ́gẹ́ bí àlùfáà ìjọ C.M.S. ìgbà náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1859, Àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì ń dúpẹ́ nítorí rẹ̀ títí di òní. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ogun bẹ̀rẹ̀. Ó sì ṣe tí ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ayé fi di ìwé tí ń gbè lẹ́yìn Ẹ̀gbá. Ní Ìbàdàn ẹ̀wẹ̀, Hinderer ń kọ̀wé sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù pé Ẹ̀gbá ni ó jẹ̀bi tí ọ̀nà fi dí. Àwọn olórí C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù ń gba lẹ́tà láti ọwọ́ àlùfáà tiwọn ní ìhà méjèèjì, olúkúlùkù ń ṣàánú fún àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀, ó sì ń ka àwọn tí ó wà ní ìhà kejì sí oníjàgídíjàgan. A kì í gbé ilé ẹni kí a má mọ adùn ọbẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà a kò yára dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé nígbà tí wọ́n mú kálámù ni wọ́n di ará Ẹ̀gbá àti ará Ìbàdàn. Ẹni tí a gbé wọlé pẹ̀lú ọta ìbọn ní itan kò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ Mann.

Ìdí nìyí tí a fi rò pé kò yẹ kí arábìnrin wa bẹ̀rù jù nítorí rédíò tí ó pa tì. Ìròyìn ṣe pàtàkì. Onígbàgbọ́ tí kò fẹ́ mọ ohun tí ń ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ kò ṣe dáradára. Síbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìròyìn ní èdè Yorùbá ni ó ti ń kọ́ wa ní ẹni tí a óò ṣàánú fún àti ẹni tí a kò ní ṣàánú fún. Kì í ṣe àánú nìkan ni ó lè rẹ ènìyàn. Ìbínú tí a fi aṣọ àánú bò a máa rẹ ènìyàn jù ú lọ.

Ayé ìgbà náà pẹ̀lú tóbi ju ilẹ̀ Yorùbá lọ, bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìpọ́njú tí ó kárí ayé jẹ́ ohun tuntun. Ní ọdún 1861, bí ogun Ìjàyè ti ń le, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀ràn ìyapa àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù àti ọ̀ràn ẹrú, kò sì dópin títí di ọdún 1865. Láti Gúúsù náà ni ìjọ tí ó rán Stone àti Phillips ti wá. Àwọn ọkọ̀ ogun ti Àríwá dí èbúté Gúúsù mọ́ ọn, owó kò sì lè dé ọ̀dọ̀ àwọn oníwàásù ní Abẹ́òkúta mọ́, níbi tí wọ́n kó àwọn ọmọ Ìjàyè sí. Ọ̀rọ̀ yìí kò tán sí ibì kan. Àwọn tí ń bọ́ ọmọ tí ogun Yorùbá sọ di aláìníle ni ogun Amẹ́ríkà mú ní ẹnu. Àwọn Gúúsù tí ó rán wọn wá láti ṣàánú fún ènìyàn dúdú sì ni ó ń jà kí a má bàa dá ènìyàn dúdú sílẹ̀ ní ilé tiwọn. A fi èyí lé yín lọ́wọ́ bí ó ti rí. A kò mọ bí a ti lè tò ó kí ó gún régé.

Nígbà tí Ìjàyè fọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin C.M.S. kan, Edward Roper, ẹni tí ó wá dípò Mann nígbẹ̀yìn, bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn. Wọ́n mú un lọ sí Ìbàdàn ní ìgbèkùn, wọ́n sì béèrè owó ìràpadà tí kò sí ẹni tí ó ní in. Ọ̀dọ̀ àwọn Hinderer ni ó wá ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu kan kún ẹnu tí ń jẹ ẹ̀wà.

Ọdún mélòó ni èyí? Láti ọdún 1860 títí di 1865. Lọ́pọ̀ ìgbà ni wọ́n gbọ́ pé ọ̀nà yóò ṣí, ọ̀nà kò sì ṣí. Ìjàyè ṣubú, gbogbo ènìyàn rò pé ó parí. Ogun kàn ṣí lọ sí ìhà Ìjẹ̀bú Rẹ́mọ àti Ìkòròdú ni. Bí ìrètí wọn bá jẹ́ pé ogun yóò parí ní oṣù tí ń bọ̀, ìrètí náà ìbá ti kú ní ọdún kìíní. Ohun tí a rí nínú àkọsílẹ̀ wọn yàtọ̀ sí èyí. Ìrètí wọn wà nínú pé ọmọ tí ó mọ A àti B ní àná gbọ́dọ̀ mọ D ní òní. A kì í kọ́ ọmọ ní ìwé bí a bá gbàgbọ́ pé ayé ti parí. Ẹni tí ó bá ń gbin irúgbìn sí àgbàlá nígbà tí ó ń gbọ́ ìró ìbọn lọ́nà jíjìn, bóyá kò ní lè sọ fún yín pé òun ní ìrètí. Bóyá yóò tilẹ̀ sọ fún yín pé òun ti sọ̀rètí nù. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Anna sunkún ní ìgbà wọnnì, ó rẹ̀ ẹ́, ó ṣàìsàn gidigidi, kò sì fi èyíkéyìí pamọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀. Àwọn tí ń sọ fún ìjọ pé ẹni tí ó ní ìgbàgbọ́ kì í rẹ̀wẹ̀sì, ó yẹ kí wọ́n ka ìwé obìnrin yìí kí wọ́n tó tún gun orí àga ìwàásù.

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 1865, Gómìnà Glover ti Èkó rán ọmọ ogun lọ lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní àgbègbè Ìkòròdú. Ní oṣù kẹrin, ó rán Ọ̀gágun Maxwell pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀ láti la ọ̀nà tuntun nínú igbó lọ sí Ìbàdàn láti mú àwọn tí a há mọ́ jáde. Ní òru ni Maxwell dé. Kò lè dúró, nítorí kí àwọn ọ̀tá má bàa mọ̀. Òru ọjọ́ kan náà ni Anna ní láti di ẹrù rẹ̀ àti láti dágbére fún àwọn ọmọ tí ó ti ń tọ́ láti ọdún 12 sẹ́yìn. Ní òwúrọ̀, wọ́n gbé e sínú ibùsùn alásọ tí a so mọ́ ọ̀pá, wọ́n sì fi èjìká gbé e lọ láti inú igbó títí dé Èkó. Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ dúró sẹ́yìn láti to iṣẹ́ ìjọ. Wọ́n padà wá sí Ìbàdàn lẹ́yìn ìsinmi wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ara Anna kò le mọ́. Ní ọdún 1869 ni wọ́n lọ pátápátá, ó sì kú ní oṣù kẹfà ọdún 1870.

Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá, ni wọ́n fi ìjọ Ìbàdàn sílẹ̀ fún. Wọ́n fi jẹ àlùfáà, ó sì bójú tó ìjọ náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láìsí òyìnbó kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ìjòyè Ìbàdàn a sì máa pè é láti bá wọn kọ̀wé. Ó wà láyé títí di ọdún 1912.

Ọmọdékùnrin kan wà ní Kúdẹtì nígbà ogun náà tí a kò tíì dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ibẹ̀. Samuel Johnson ni, ẹni tí a bí ní Hastings ní ilẹ̀ Sàró ní ọdún 1846, tí baba rẹ̀ bá àwọn Hinderer wá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọmọ nǹkan bí ọdún 14 ni nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, nínú ìlú àwọn tí ń bá Ìbàdàn jà. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ wọ ìjà tí ó gùn ju ti Ìjàyè lọ, Johnson ni Aláàfin rán níṣẹ́ lọ sí Èkó láti bẹ ìjọba kí wọ́n wá parí ìjà. Ẹ̀bẹ̀ náà kò tètè so èso. Ọdún ń gorí ọdún, òun àti Àlùfáà Charles Phillips ti Oǹdó sì ń lọ láti àgọ́ kan sí òmíràn, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò lè rí ara wọn sójú. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtì tú àgọ́ wọn ká ní Kírìjì, wọ́n sì ti iná bọ àgọ́ náà. Ogun Ìlọrin àti Ìbàdàn kò sì tíì parí síbẹ̀. Ó di ọdún 1893.

Johnson parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì sọnù níbẹ̀. Ó kú ní ọdún 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni a sì tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

A sọ gbogbo èyí fún arábìnrin náà ní àkókò mìíràn, ní ilé rẹ̀, kì í ṣe ní ọjọ́ kan. Kò sọ fún wa bí ó ti ṣe pẹ̀lú rédíò náà, a kò sì bi í. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wá nígbà tí a parí: kí ni ìyá Ọgúnyọmí ṣe lẹ́yìn tí wọ́n rà á padà? A wí fún un pé ó dúró ní Kúdẹtì, òun ni ó sì ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé náà.